Aago Mẹ́rìndínlógún

Nígbà tí Àlímọ̀t ọmọ mi kú ní Kòtònú, ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ wọn, Ihsan, wá bá mi ní Ìsàlẹ̀ Gángan. Ọmọ ọdún márùn-ún, Faransé nìkan ló gbọ́. Bàbá rẹ̀ náà kò gbọ́ Yorùbá kọjá ẹ káàsán. Kó tó padà, ó fọwọ́ kan fóònù mi, ó sọ fọ́mọ náà pé, "Vendredi, seize heures."

Láti ọjọ́ náà ni Ihsan ti ń tún un wí. Kò fẹ́ jẹun.

Mo lọ bá Àyìndé télọ̀, tó ti ránṣọ rí ní Kòtònú. Ó ní vendredi ni Jímọ̀. Ó kọ́ mi ní aago láti une dé douze, mo ń fi tẹ̀sùbáà kà á.

"Àyìndé, n kò rí seize níbẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, àwọn kì í dúró níbi méjìlá. Wọ́n á kà á lọ dé mẹ́rìnlélógún ni. Mẹ́rìndínlógún ni seize. Ẹ yọ méjìlá kúrò, kí ló kù?"

"Mẹ́rin. Àṣé Alásárì lọmọ yìí ń wí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, n kò lọ sọ́jà Sandgrouse. Bí ládàánì ṣe pe ìrun Alásárì, mo gbé fóònù lé Ihsan lẹ́sẹ̀, mo ní, "Il est seize heures." Ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. Fóònù dún.

Òun àti bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí ẹ̀kọ. Ìgbà tó jẹ ìkejì tán ni mo tó lọ ṣe àlùwàlá.