Pílì Tí Ìyá Wa Sá Sóòrùn

Bí o bá dé Ìfànyìn tí o bèèrè Àsíátù Onípílì, wọ́n á mú ọ dé ilé wa. Ìyá mi ni. Kò ta pílì rí láyé rẹ̀. Sísá ló ń sá a. Pílì rédíò, pílì tọ́ọ̀ṣì, bó ti wù kó rẹ̀ ẹ́ tó, ìyá wa kì í jù ú nù. Á yọ ọ́ jáde, á fi etí ìró nù ún, á tò ó sórí páànù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó ti ń yan gàrí, oòrùn á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, á dá a padà sínú rédíò, rédíò á sì tún sọ̀rọ̀. Kì í pẹ́ kó tó dákẹ́, mo gbà, ṣùgbọ́n á sọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò a máa kó tiwọn wá. Ràhímátù tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́ nígbà kan pé kó jọ̀ọ́, kó bá òun sá ọkọ òun náà, nítorí àtàárọ̀ ló ti ń sùn. Ìyá wa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ ìlú Ko-Koumolou ni ìyá wa, ọkọ ló gbé e wá sí Ìfànyìn. Nígbà tí bàbá wa kú, a ṣì kéré, oko ẹ̀gẹ́ ló fi tọ́ wa. Ó ń gbìn ín, ó ń hú u, ó ń yan án ní gàrí, ó sì ń gbé e lọ sí ọjà Ìgòlò fún àwọn tó ń gbé e kọjá ẹnubodè. Obìnrin tó bá gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kọjá kì í fi nǹkan ṣòfò. Ike tó bá ya, á fi ọ̀bẹ gbígbóná lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Bàtà tó bá já, á fi okùn rán an. Èmi Chérifath, àbíkẹ́yìn rẹ̀, aránṣọ ni mí, mi ò sì ní sùúrù rárá. Bí mo bá ní kó ra tuntun, á wò mí bí ẹni tó sọ ìsọkúsọ. "Ohun tí kò tíì kú," á wí, "ta ní kí n sin ín?"

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi Fadel nìkan ni ìyá wa bí. Nígbà tó wà ní kékeré, ẹnì kan bá a ra ẹ̀rọ eré kan wá láti Kútọnu, lára àwọn ohun àlòkù tí ọkọ̀ ojú omi ń kó dé. Kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Kásẹ́ẹ̀tì kékeré kan, tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju páálí ìṣáná lọ, ló ń wọ ẹ̀yìn rẹ̀, inú kásẹ́ẹ̀tì náà ni eré wà. Ẹyọ kan ṣoṣo la ní. Ọmọkùnrin kékeré kan ló wà nínú eré náà, ó ń rìn láti ìlú dé ìlú, ó ń kó ẹranko jọ. Fadel fún un ní orúkọ ara rẹ̀. Ó ṣe é, ṣe é, kò sú u. Ìgbà tó di ọlọ́kadà pàápàá, tí irùngbọ̀n ti kún àgbọ̀n rẹ̀, bí kò bá sí èrò lọ́sàn-án, abẹ́ igi máńgòrò lo ti máa bá a tó tẹrí sórí ẹ̀rọ náà. Mo máa ń pè é ní Alájì Ọmọdé. Á máa ṣe eré rẹ̀ lọ.

Ọkọ̀ ẹrù ló gbá a lójú ọ̀nà Àjàṣẹ́. Ọjọ́ náà gan-an la sin ín, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn wa ti wí. Fóònù rẹ̀ fọ́ yángá, gbogbo fọ́tò rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Aṣọ rẹ̀ la fi ṣe sàárà. Ẹ̀rọ eré yẹn ló kù, torí ilé ló gbàgbé rẹ̀ sí láàárọ̀ ọjọ́ náà.

Nígbà tó ṣe, ìyá wa ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ti ń ṣí i. Mo kọ́ ọ: tẹ ibí, orin á dún, tẹ ibí, tún un tẹ̀. Ọmọkùnrin kékeré náà yọ. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga kan níwájú ilé aláwọ̀ búlúù, níbi tí Fadel fi í sí nígbà tó ṣe é kẹ́yìn. Mo fẹ́ mú un rìn kí ìyá wa lè rí i. Ó gbá mi lọ́wọ́. "Fi í síbẹ̀! Níbi tó fi í sí, ibẹ̀ ni kó wà."

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, ìyá wa á jókòó sórí ẹní, á ṣí ẹ̀rọ náà, á wo ọmọkùnrin náà, á ní, "Fadel, ṣé àlàáfíà ni?" Á tún wò ó díẹ̀, á pa á. Ó kọ́kọ́ bí mi nínú. Mo sọ fún un pé àwòrán lásán ni, pé kì í ṣe Fadel.

"Ta ló sọ fún ọ pé mi ò mọ̀?" ló wí. "Ṣùgbọ́n òun ló gbé e débẹ̀."

Mo dìde, mo padà sídìí ìránṣọ mi.

Lọ́dún yìí, ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège. Nígbà mìíràn ojú rẹ̀ á funfun báláú, a ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i lára, kó tó dáhùn. Èmi àti ìyá wa bá gbé e lọ bá Ìbráhímù, ẹni tó ń tún fóònù ṣe ní Ìgòlò. Ó tú kásẹ́ẹ̀tì náà, ó nu eyín irin ẹnu rẹ̀, ó sì fi ohun ìwọnná rẹ̀ kan nǹkan fàdákà róbótó kan tí ẹsẹ̀ irin méjì dì mú nínú rẹ̀. Ó mirí.

"Ìyá Fadel, ẹ wo pílì kékeré yìí. Àwọn pílì ńlá tí ẹ̀ ń kì sínú ẹ̀rọ, iná lásán ni wọ́n ń fún un. Èyí ló ń bá a rántí gbogbo ohun tí Fadel ṣe. Àmọ́ ó ti pẹ́ níbẹ̀, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bó bá kú, c'est fini, gbogbo rẹ̀ ló lọ."

Ìyá wa di etí tábìlì mú. "Kí la wá máa ṣe?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Màá wá irú rẹ̀ ní Kútọnu, màá pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ṣì ń tanná, kó má baà gbàgbé nǹkan kan."

Ìyá wa wo tábìlì ọkùnrin náà, níbi tí àwọn fóònù tí wọ́n ti tú ìfun wọn síta kún bámúbámú. "Kí n fi Fadel sílẹ̀ síbí? Rárá o. Wá pílì rẹ̀ wá ná. Bí o bá ti rí i, màá gbé e wá, màá sì jókòó tì ọ́ títí wàá fi parí."

"D'accord, Ìyá, mo gbà. Ẹ kàn máa rọra ṣe é." Ìdè tó di kásẹ́ẹ̀tì náà ti bàjẹ́, ni Ìbráhímù bá fi rọ́bà dì í, a sì gbé e lọ sílé. Ìyá wa gbá ẹ̀rọ náà mọ́ àyà lójú ọ̀nà. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà á. Àṣé ó ń pète.

Lọ́jọ́bọ̀, mo kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án láti wá jẹun. Oòrùn mú ganrínganrín. Mo ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ páànù ìyá wa nígbà tí nǹkan kan tàn sí mi lójú. Àwọn pílì ńlá wà níbẹ̀ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ní ọ̀tọ̀, lórí aṣọ funfun kan tó mọ́ tónítóní, ohun róbótó kan ló wà níbẹ̀. Mo rò pé bọ́tìnnì mi kan ló já bọ́. Mo mú un. Ó gbóná. Ìgbà náà ni mo rí ẹsẹ̀ irin rẹ̀ méjèèjì tó ti kán.

Mo gbé e dání, mo kọjú sí ilé ìdáná.

"Ìyá! Kí lèyí?"

Ó jáde láti ilé ìdáná, ó ń nu ọwọ́, inú rẹ̀ ń dùn. "Dá a padà síbẹ̀, kò tíì tó. Mo fẹ́ kó jẹ oòrùn dáadáa."

"Ta ló yọ ọ́?"

"Èmi ni. Ọ̀bẹ tí mo fi ń bẹ ẹ̀gẹ́ ni mo fi ṣí i. Mo rọra ṣe é, mo ṣe Bísímílà. Ṣebí Ìbráhímù ní ó ti rẹ̀ ẹ́? Kí ni ti Kútọnu nínú ọ̀rọ̀ pílì tó rẹ̀? Wọ́n ò mọ̀ pé ilé Àsíátù ló dé ni."

Ilẹ̀ ni mo jókòó sí pẹ̀lú aṣọ tí mo fi ń gba oníbàárà. Ìyá wa rò pé oòrùn ló mú mi, ó bu omi fún mi. Lẹ́yìn náà ló gbé kásẹ́ẹ̀tì náà jáde, ó fi pílì náà sáàárín kùkùté ẹsẹ̀ irin tó kù nínú rẹ̀, ó fi rọ́bà dì í, ó kì í bọ ẹ̀rọ. Ó tẹ̀ ẹ́.

Ó tanná. Orin dún.

"Ó jí!" Ìyá wa pàtẹ́wọ́. "Chérifath, ṣé o rí i? Ó jí!"

Mo mọ̀ pé iná àwọn pílì ńlá ni. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, síbẹ̀ mo ń gbàdúrà pé kí n ṣìnà. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀ bí mo ti kọ́ ọ. Kò sí kànga níbẹ̀. Kò sí ilé aláwọ̀ búlúù. Bàbá arúgbó kan tó dé fìlà koríko ló yọ, ẹni tí mi ò rí mọ́ láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà kọ́kọ́ wọ ilé wa, àwọn lẹ́tà wà lábẹ́ rẹ̀, ó ń fi Faransé bèèrè ọ̀rọ̀.

"Ta lèyí?" ni ìyá wa wí. "Fadel dà?"

"Ìyá..."

"Kí ló ń wí?"

"Ó ń bèèrè orúkọ."

"Orúkọ ta?"

"Orúkọ ẹni tó fẹ́ ṣe é."

Ó wò mí. "Kò mọ Fadel mọ́?"

Mo sọ fún un nígbà náà. Mo ní bó ti yọ pílì yẹn báyìí, gbogbo rẹ̀ ló lọ, kò dúró de oòrùn. Ó ní, "Ṣùgbọ́n mo dá a padà." Mo ní ó dá pílì padà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ti gbàgbé ò lè padà. Ó tẹ́ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú, ó ń wò wọ́n. "Ọwọ́ mi yìí?" ló ń wí. "Èmi? Ọwọ́ èmi Àsíátù?" Mi ò rí i kí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀ rí. Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi sí i lẹ́ẹ̀kan náà, mi ò mọ èyí tí ǹ bá ṣe.

Ó gbé ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́. "Kọ orúkọ rẹ̀ fún un."

"Ìyá, kò ní..."

"Kọ ọ́. Ṣebí òun ló ń bèèrè? Bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀, bóyá á rántí."

Mo wá lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kọ Fadel, mo tẹ̀ ẹ́. Bàbá arúgbó náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ọ̀rọ̀ Faransé sì ń jáde lábẹ́ rẹ̀.

"Ó ń rẹ́rìn-ín!" Ìyá wa di apá mi mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já a. "Ó ti mọ̀ ọ́n! Kí ló wí? Chérifath, kí ló wí fún un?"

Ǹ bá purọ́.

"Ó ní, 'Káàbọ̀, Fadel. Mi ò rí ọ ní ìlú yìí rí.'"

Nígbà tí wọ́n gbé Fadel jáde nílé wa, ìyá wa ò ké. Àwọn àgbà ní kó má ké, kó gba kádàrá, ó sì gbà á. Igbe tó ké lọ́sàn-án ọjọ́bọ̀ yẹn, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí. Ràhímátù sáré wọlé láìwọ bàtà, ó gbá ìyá wa mọ́ra, ó ń bi mí léèrè pé ta ló kú.

Mo ní Fadel ni.