Télọ̀ Tó Tọ Òkúta Lọ Sínú Ibojì

Ọjọ́ ìsìnkú onílé télọ̀ ni gbogbo àdúgbò mọ ohun tí òkúta jẹ́ lójú télọ̀ náà. Àlùfáà ti sọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, àwọn tó gbé pósí ti fẹ́ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ni ojú télọ̀ bá bọ́ sára ohun kan tó ń dán yanran lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, níbi tí ṣọ́bìrì ti gé ilẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró ná." Ká tó wí, ká tó fọ̀, ó ti bọ́ bàtà, ó ti ká sòkòtò sókè, ó ti wà nínú kòtò.

Àlùfáà bẹ ojú wo ìsàlẹ̀. "Bàbá, kí lẹ ń wá níbẹ̀ yẹn?"

"Òkúta kan ni, ẹ̀yin àlùfáà. Ó mọ́ gaara bí omi. Tí ẹ bá bò ó mọ́lẹ̀, ó di gbére nìyẹn."

Ìyàwó télọ̀ fi gèlè bo ojú. Àwọn ọmọ olóògbé ti ń ká ọwọ́ aṣọ sókè láti wọ́ ọ jáde, àmọ́ ìyá wọn tó jẹ́ opó dá wọn dúró. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀, kó mú un. Bàbá yín náà ò kánjú lọ síbì kankan rí."

Yàrá kan tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé, tábìlì ìgéṣọ wà láàárín, pákó ìkóṣọsí sì kún ara ògiri mẹ́ta. Òkúta ló wà lórí pákó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé ni aṣọ àwọn oníbàárà ń gbé. Òkúta kọ̀ọ̀kan jókòó lórí àkísà tó bá àwọ̀ rẹ̀ mu, ó sì ní ìwé pélébé tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ há sí i, tí télọ̀ kọ ìtàn rẹ̀ sí. Bí oníbàárà bá wọlé tó ní, "Kóòtù mi ńkọ́?" télọ̀ á ní, "Kóòtù ń bọ̀. Jókòó ná, kí n fi nǹkan hàn ẹ́." Lẹ́yìn wákàtí kan, oníbàárà á jáde pẹ̀lú ìmọ̀ tó jinlẹ̀ nípa òkúta, á sì máa gbọ̀n fún òtútù.

Ó máa ń lá òkúta, torí pé àwọ̀ òkúta kì í yọ dáadáa àfi tó bá tutù. Ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Bàbá wọn, ẹnu yẹn náà lẹ fi ń jẹun o."

Télọ̀ ní, "Ìyá wọn, òjò ti ń fọ òkúta yìí kí wọ́n tó bí wa. Ta ló fọ ṣíbí wa lánàá?" Òun fúnra rẹ̀ ló fọ ṣíbí lánàá, ọ̀rọ̀ náà sì parí síbẹ̀.

Àpò mẹ́fà ló rán sára sòkòtò tirẹ̀. Tó bá ń ti etí odò bọ̀, òkúta á ti kún gbogbo rẹ̀ bámúbámú, á máa fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú, á sì máa fi orí kí èèyàn. Òun ló ń rán sòkòtò fún gbogbo àdúgbò, tirẹ̀ nìkan ni kì í dúró.

Ní ọdún kan, ó rí òkúta aláwọ̀ ewé kan nínú odò, ó ń dán, ó rí rubutu. Ojú rẹ̀ là. Ó ṣèlérí ilé fún ìyàwó rẹ̀, ó tiẹ̀ bi í léèrè iye fèrèsé tó ń fẹ́. Ó wọ kóòtù, ó gbé òkúta lọ bá alágbẹ̀dẹ wúrà. Ìyẹn fi awò sójú, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Bàbá, ìgò ni. Ìgò ọtí tí omi ti fọ̀."

Télọ̀ na ọwọ́ gbà á. Ó ní, "Á tó ọdún mélòó nínú omi kó tó rí báyìí?"

"Á tó ogójì."

Ó gbé e padà sílé, ó tò ó sáàárín àwọn tó níye lórí jù, ó sì kọ sára ìwé rẹ̀ pé: "Ìgò ni. Ó gbìyànjú."

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn, nọ́ọ̀sì bá òkúta lábẹ́ ìrọ̀rí. "Bàbá, kí lèyí?"

"Àlejò mi ni. Á lọ tí àkókò àlejò bá parí."

Kò ju ọjọ́ mẹ́ta lọ tí nọ́ọ̀sì náà fi ń ṣa òkúta bọ̀ wá fún un láti ẹnu géètì. Télọ̀ á dúpẹ́, á wò ó fínnífínní, á ní, "Ọmọ mi, èyí ò dáa." Ó lè purọ́ fún èèyàn lórí ọjọ́ tí kóòtù máa jáde, ṣùgbọ́n lórí ọ̀rọ̀ òkúta, kò purọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Ibẹ̀ ló ti sùn tí kò jí mọ́, wọ́ọ́rọ́wọ́.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìyàwó rẹ̀ gbà kí wọ́n kó òkúta náà fún ilé ìwé tí ọmọbìnrin wọn ti ń kọ́ni. Ọmọ gbé páálí wá, àwọn méjèèjì sì ń ka ìwé ara òkúta bí wọ́n ti ń dì í. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n wá kan ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, lórí àrán pupa, àrán kan ṣoṣo tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù. Òkúta ọ̀hún rí eérú eérú, ó rí ṣákiṣàki, bí èyí tí wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró. Ọmọ kà á sókè:

"Ìyàwó mi ló ṣà á fún mi, nígbà oyún àkọ́kọ́. Kì í ṣe nǹkan kan. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un."

Ìyá jókòó lórí àga ọkọ rẹ̀. Ó rántí ọjọ́ náà. Ẹ̀bá ọ̀nà ló ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun tikùn, ó ṣà á, ó gbé e rìn títí délé. Ọkọ rẹ̀ gbà á, ó wò ó pẹ́, ó tiẹ̀ lá a, ó wá ní, "Ìyàwó mi, irú èyí ṣọ̀wọ́n." Láti ọjọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá fetí sílẹ̀ ló ń sọ fún pé òun lòun rí òkúta tó ṣọ̀wọ́n jù nínú ṣọ́ọ̀bù ọkọ òun.

Ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọmọ ní, "Màmá, ṣé kí n kó o mọ́ wọn?"

"Rárá. Kó àwọn tó níye lórí lọ." Ó mú òkúta náà, ó fi etí aṣọ nù ún, ó gbé e lé itan. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe ọmọ ló ń sọ ọ́ fún. "Ẹ ṣeun, Bàbá wọn. Ẹ ṣeun gan-an ni."