Òkúta Ọba ní Nether Wickle

Ní abúlé Nether Wickle, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀ṣì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ìtàn abúlé máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni kọ́kọ́rọ́ náà ti wà lọ́wọ́ Hester Pobjoy, alásè ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò lọ́kọ rí. Bí àlejò bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, Hester á ti wọ bàtà òjò, á mú wọn wo ilé agogo tó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí, àti igi ńlá tó ju ṣọ́ọ̀ṣì fúnra rẹ̀ lọ lọ́jọ́ orí. Òkúta etí adágún ló máa ń fi kádìí rẹ̀.

"Orí òkúta yìí ni ọba jókòó sí nígbà tí ọ̀tá lé e lójú ogun. Ó na ẹsẹ̀ sínú omi, ó sì sunkún."

Bí wọ́n bá béèrè ọba wo, Hester á ní èyí tó sanra ni. Bàbá rẹ̀ ló sọ ìtàn náà fún un. Nítorí òkúta yìí ni wọ́n ṣe ń pe ilé ọtí Reg Thripp ní Ìsinmi Ọba.

Nígbà tó yá, ìgbìmọ̀ abúlé fẹ́ ri pátákó ìtàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta náà, wọ́n ní kí Hester wá ẹ̀rí. Ó tú àpótí ìwé ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì rí ẹjọ́ kan tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́dún 1911. Ezra Pobjoy, bàbá bàbá rẹ̀ gan-an, ló yí òkúta náà wá láti oko, nítorí pé kẹ̀kẹ́ ẹṣin oníbúrẹ́dì a máa ha ògiri ilé rẹ̀ tó wà létí adágún. Lọ́jọ́ kẹta, kẹ̀kẹ́ kọlu òkúta, ó dojú dé, gbogbo búrẹ́dì dà sínú adágún. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ jẹ ẹ́ títí wọn ò fi lè fò mọ́.

Hester fi ìwé náà pa mọ́ sábẹ́ agolo tíì. Odidi ọ̀sẹ̀ kan, kò fọwọ́ kan tíì. Ó wá yé e pé ìtìjú ló mú kí bàbá rẹ̀ fa ọba wọ inú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, ó mú ìwé náà lọ sí ilé ọtí.

"Reg, kò sí ọba kankan."

Thripp ń nu ife. "Ọba wo ni kò sí?"

"Tiwa."

Ó ka ìwé náà, ó rọra jókòó. "Hester, jọ̀ọ́, dáná sun ún. Àbí kí n máa pe ilé ọtí mi ní Ìsinmi Búrẹ́dì?"

"Pè é ní Ìgbẹ́ Pẹ́pẹ́yẹ tó bá wù ọ́."

"Ọgbọ̀n ọdún lo ti ń pa irọ́ yìí. Ṣé òní ló wá rẹ̀ ọ́?"

"Nígbà yẹn, mi ò mọ̀ pé irọ́ ni."

Nígbà ìpàdé ìgbìmọ̀ abúlé, Hester dìde, ó kà á láti òkè délẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Lettice Gammage, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá ìyá mi ni oníbúrẹ́dì yẹn. Títí ó fi kú, kò jẹun láìṣépè fún ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀. Ìdílé yín ni, Hester?"

"Àwa ni, Mà. Ẹ má bínú."

"Bínú kẹ̀? Abúlé wo ni kò ní ọba tó sunkún? Ta ló tún ní pẹ́pẹ́yẹ tó yó títí kò fi lè fò? Ẹ kọ ọ́ sórí pátákó. Kí ẹ sì fi èpè náà sí i."

Wọ́n kọ ọ́, ṣùgbọ́n àlùfáà ò gbà kí wọ́n fi èpè sí i. Àlejò wá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Thripp kò yí orúkọ padà. Pẹ́pẹ́yẹ tó dé adé ló kùn sórí àmì ilé ọtí rẹ̀. Bí àlejò bá wá béèrè ẹni tó gbé òkúta síbẹ̀, Hester á pe orúkọ Ezra Pobjoy ketekete, á sì ní bàbá bàbá òun ni.

Lettice a máa wá jókòó sórí òkúta náà ní ọ̀sán Sátidé, á ní jẹ́jẹ́ ni ẹṣin bàbá àgbà òun ń rìn lọ́jọ́ náà. Hester á ní eré àsápajúdé ló ń sá. Wọn ò tíì gbà fún ara wọn.