Ọjọ́ tí Ràsáàkì Kò Bojú Wẹ̀yìn ní Bọ́ńbè

Bí ẹ bá dé Ìsẹ́yìn ní nǹkan bí ọdún 1978, tí ẹ ní Ràsáàkì ahunṣọ lẹ ń wá, wọn á bi yín pé, "Èwo nínú wọn? Ṣé èyí tó lọ sí Íńdíà?" Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn ní ìbéèrè yẹn. Kí ó tó wọ bàálù rárá ló ti ń sọ fún gbogbo àwọn tí wọ́n jọ ń hun òfì pé àwọn òyìnbó Íńdíà ti gbọ́ òkìkí ọwọ́ òun, wọ́n sì ní kí òun wá fojú rí ìlú Bọ́ńbè.

Irọ́ ni. Àdìjátù ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n pè. Àdìjátù ló ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ, ọwọ́ ará Íńdíà kan ní Ìbàdàn ló sì ti ń rà á láti ìgbà tí Fàtímọ̀ ọmọ wọn ti wà lẹ́nu ọmú. Nígbà tí ọkùnrin náà fẹ́ fi oore san án fún oníbàárà rẹ̀, ó ní kí ó wá wo ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe òwú lọ́hùn-ún, kí ó sì mú ọkọ rẹ̀ dání, torí kò yẹ kí abilékọ dá rin irú ìrìn-àjò bẹ́ẹ̀. Àdìjátù gbọ́ gbogbo irọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń pa káàkiri ìlú. Kò já a nírọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ ni wọ́n wo ilé iṣẹ́ náà tán. Àwọn onílé iṣẹ́ ní kí wọ́n fi Sátidé àti Sọ́ńdè gbádùn ara wọn, kí wọ́n wo ìlú.

Kóòtù ni Ràsáàkì wọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Ooru Bọ́ńbè ń sè é nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kó bọ́ ọ ló máa rí ìjà. Wọ́n wo ẹnu ọ̀nà ńlá olókùúta tó kọjú sí òkun, wọ́n wo bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì, wọ́n wo èrò tí kò lópin. Etí òkun yẹn ni bàbá arúgbó kan jókòó sí tó ń ta ẹ̀pà yíyan, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun dé àyà. Kí Ràsáàkì tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Àdìjátù ti fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ níwájú bàbá náà.

"Ẹ kú ọjà o, bàbá. Ajé á wọgbá o."

Bàbá náà dìde, ó pa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, ó tẹrí ba fún un. Inú rẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọjá dúró, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan nínú wọn sì gbé kámẹ́rà sójú, ó ya fọ́tò obìnrin tó kúnlẹ̀ fún ẹlẹ́pà.

Ojú ti Ràsáàkì. Ó wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí, ó wo ilà ojú rẹ̀, ó wo gèlè rẹ̀, ó wo ìró tó ti kó eruku lórúnkún.

"Ṣé o fẹ́ dójú tì mí níbí ni? Ta ní ń kúnlẹ̀ fún ẹlẹ́pà? Tí a bá jáde lọ́la, ẹ̀yìn ni kí o máa bọ̀. Má sún mọ́ mi, kí wọ́n má mọ̀ pé a jọ wá."

"Ẹ má bínú, Bàbá Fàtímọ̀. Àgbàlagbà ni mo rí."

Ní Ìsẹ́yìn, kò sí ohun tó burú nínú kí ọkọ máa lọ níwájú, kí aya máa bọ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe ń rìn lọ sóko. Bí ọkọ kò bá tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn títí tí wọ́n fi délé, ta ni yóò sọnù? Gbogbo ẹni tó wà lójú ọ̀nà ló mọ ìyàwó ẹni tó ń bọ̀. Ìrìn oko yìí ni Ràsáàkì gbé lọ sí Bọ́ńbè, ó tún wá fi ìgbéraga kún un.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n wọ ọjà aláṣọ. Ràsáàkì ń gbọ̀nwọ́ lọ níwájú. Nígbà tó yá, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lẹ́yìn.

"Bàbá Fàtímọ̀! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí!"

Ó gbọ́ ọ ketekete. Àwọn èèyàn ti ń yíjú wo ẹni tó ń pariwo, kámẹ́rà àná sì sọ sí i lọ́kàn. Ó tẹsẹ̀ mọ́rìn. Obìnrin náà tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, ohùn rẹ̀ ti jìnnà díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kò gbọ́ nǹkan mọ́.

Aṣọ kan tó ń dán lẹ́nu ìsọ̀ ló dá a dúró. Ọnà ara aṣọ náà wọ̀ ọ́ lójú, ó sì yíjú padà láti fi han ìyàwó rẹ̀. Kò rí i. Ó padà sẹ́yìn, ó pè, ó pè. Ó sáré títí tí kóòtù fi lẹ̀ mọ́ ọn lára, kí ó tó rí ọlọ́pàá kan tó lè fi Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tó gbọ́ bá sọ̀rọ̀.

"Aṣọ wo ló wọ̀?" ni ọlọ́pàá náà bi í.

Ràsáàkì kò mọ̀ ọ́n. Òun tó lè dúró lójú títì kí ó tọ́ka sí òfì tí òun hun lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn lára ẹni tó ń kọjá! Láti àárọ̀, kò wo ìyàwó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní aṣọ búlúù ni. Ó ní rárá, funfun ni. Ọlọ́pàá náà dẹ́kun ìwé kíkọ, ó wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé ìyàwó rẹ ni lóòótọ́?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Ká ní ilẹ̀ lanu, ì bá kó sínú rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

"Ìyàwó mi ni," ló wí, ó sorí kodò.

Ìgbà tí wọ́n tọ ojú ọ̀nà tó gbà wá padà ni wọ́n rí Àdìjátù lẹ́nu ìsọ̀ télọ̀ kan. Okùn bàtà rẹ̀ ló já, ó sì dúró síbi tí ojú rẹ̀ ti kúrò lára ọkọ rẹ̀, kí ọkùnrin náà lè rí i bí ó bá padà wá. Òfì ló wọ̀, èyí tí Ràsáàkì fọwọ́ ara rẹ̀ hun fún un.

"Ẹ ti dé," ni gbogbo ohun tó sọ. Ràsáàkì fẹ́ bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n bàtà tó já náà ló bẹ̀rẹ̀ gbé.

Nígbà tí wọ́n padà dé Ìsẹ́yìn, agbo ilé kún fọ́fọ́. Gbogbo ènìyàn fẹ́ gbọ́ ìròyìn Bọ́ńbè. Àdìjátù ló ń sọ ọ́.

"Ọpẹ́lọpẹ́ Bàbá Fàtímọ̀ o! Èmi ni mi ò gbọ́n, tí mò ń wo aṣọ kiri, tí bàtà mi fi já. Mo pè wọ́n, ariwo ọjà ni kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n wá mi títí, wọ́n fi ọlọ́pàá wá mi, wọn ò jẹ, wọn ò mu."

Ràsáàkì ń wo ojú rẹ̀ bóyá yóò rí i níbẹ̀ pé ó mọ̀ pé òun gbọ́ ìpè rẹ̀. Kò rí nǹkan kan. Àdìjátù ti ń pín tẹ̀sùbáà tí wọ́n rà bọ̀ fún àwọn ìyálé.

Àfáà Ràmọ́nì, tó jẹ́ àgbà ilé, gbé ọwọ́ àdúrà sókè. "Ọkọ àtàtà ni ọ́, Ràsáàkì. Kí Ọlọ́run fún àwọn ọmọbìnrin ilé yìí ní ọkọ bíi tìẹ."

"Àmín!" ni gbogbo ilé wí. Ti Fàtímọ̀, tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ló dún jù. Wọ́n wá yíjú sí bàbá rẹ̀, wọ́n ń dúró de tirẹ̀.

Ràsáàkì wo ọmọ rẹ̀. Kò lè ṣe àmín.