Làálì Lára Ìwé Ìdìbò

Wọ́n ní ní àdúgbò Dakace, wọ́n ti ọ̀gá ibùdó ìdìbò kan mọ́ inú kíláàsì títí tó fi ka ìbò bí wọ́n ṣe fẹ́. Mo gba ìdajì rẹ̀ gbọ́. Ìdajì tó kù, mo fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́, torí Raliat ará ilé wa ni ọ̀gá ibùdó tiwa ní Sabon Gari lọ́jọ́ Sátidé yẹn.

Ọmọ Ìlọrin ni Raliat, tíṣà praimárì láti ogún ọdún. Alángbá lásán máa ń lé e sá. Tó bá pa gáàsì, á tún padà lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Irú ẹni tí wọ́n wá gbé àpótí ìbò lé lọ́wọ́ nìyẹn!

Ìgbéyàwó kan wà ládùúgbò lọ́jọ́ kejì. Nígbà tí kò sí ọkọ̀ lójú títì, àwọn obìnrin jókòó sórí ìlà ìdìbò, wọ́n ń lé làálì síra wọn lọ́wọ́. Bó bá ti kan ẹnì kan, á nu ọwọ́, á wọlé lọ tẹ̀ka, làálì ò tíì gbẹ.

Ibi tí èmi àti Raliat ti ń ka ìbò ní kíláàsì ni wàhálà ti dé. Ìwé mọ́kànlá ló ní àbàwọ́n pupa rúsúrúsú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì ẹgbẹ́ mìíràn, yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n fi tàdáwà tẹ̀ka sí.

Hussain, aṣojú ẹgbẹ́ tó ń fi ìbò mẹ́fà ṣíwájú, fò dìde, ó kọjú sí Raliat. "Malama, ìka méjì nìyẹn! Ìbò òfo ni!"

Dayọ̀, aṣojú ẹgbẹ́ kejì, mọ̀ pé tòun ni mọ́kọ̀ọ̀kànlá. "Haba, Alhaji! Ìyàwó yín gan-an lé làálì. Ṣé òfo ni àwọn náà?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́. Lóde, àwọn ọ̀dọ́ ti ń fi igi lu páànù. Ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ń wo bàtà rẹ̀. Mo ń ka Ayatul Kursiyyu fún ààbò, mo ń wo ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ní ká gbẹ́kẹ̀ lé òun, kò ní ká má wo ilẹ̀kùn.

Raliat kó ìwé mọ́kọ̀ọ̀kànlá jọ síwájú. Ó yẹ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan wò, òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lù rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó gbé ọ̀kan sójú fèrèsé.

"Ẹ wò ó. Ibi tí wọ́n bá fi tàdáwà wa tẹ̀ ní ilà ìka nínú. Èyí ò ní ilà, làálì lásán ni. Wọ́n ti sọ fún wa pé tí ẹgbẹ́ tí olùdìbò fẹ́ bá ti hàn, ká kà á. Ọmọ tó bá ta ọbẹ̀ síwèé ìdánwò, mi ò kí ń fún un lódo."

"Malama," Hussain sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ ní ọmọ nílé o."

Raliat nu ojú, ó mú bírò. Mo rò pé yóò yí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà.

"Ọmọ méjì ni, Alhaji." Ó kọ mọ́kànlá mọ́ ìbò ẹgbẹ́ Dayọ̀ nínú ìwé èsì, ó buwọ́ lù ú, ó fi ẹ̀rọ ya fọ́tò rẹ̀, ó lẹ ẹ̀dà kan mọ́ ògiri.

"Wallahi, a ò gbà! Òfin ò sọ bẹ́ẹ̀!" Hussain figbe ta.

"Ẹ jẹ́ kí Malama sinmi!" Dayọ̀ náà ń pariwo.

Raliat há àpò rẹ̀ mọ́ abíyá, ó fọwọ́ kan ọlọ́pàá léjìká pé kó ká lọ, ó gba àárín àwọn aṣojú méjèèjì kọjá. Hussain ṣì ń ka òfin lọ́wọ́ nígbà tí Raliat ṣílẹ̀kùn, tó sì jáde sáàárín àwọn tó ń lu páànù.