Ẹsẹ̀ mi ló wa kẹ̀kẹ́, Bọ̀dá Ráṣídì ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún

Ẹni tó sọ mí di kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni mo pàtẹ́wọ́ fún lónìí!

Sátidé mẹ́ta ni Bọ̀dá Ráṣídì, àgbà ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ wa, fi gbé ẹ̀rọ GPS olówó pọ́ọ́kú tó rà lọ́jà Okaishie ní Accra, irú èyí tó ń ṣàkọsílẹ̀ ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ bá gbà, lé mi lọ́wọ́.

"Àbúrò, orúnkún ń dùn mí. Bá mi gbé e gun òkè Aburi, kí n mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́."

Mo fi sápò, mo gun òkè, mo làágùn.

Láàárọ̀ yìí, níbi ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ní Bọ̀dá Ráṣídì ló gun òkè jù lóṣù yìí. Mo ń pàtẹ́wọ́ lọ ní tèmi. Àfi ìgbà tí wọ́n fi máàpù rẹ̀ hàn wá lórí fóònù, tí mo rí ibi tí mo ti ṣìnà, tí mo yí igi máńgòrò kan po lẹ́ẹ̀mẹta!

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Bọ̀dá, ṣé kì í ṣe èmi nìyẹn?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Chale, ọ̀rẹ́ mi, ta ló ni ẹ̀rọ?"

Ẹni tí mò ń dọ̀bálẹ̀ kí!

Ó tún ti pè mí báyìí pé kí n wá gba ẹ̀rọ òun fún Sátidé tó ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé kí n kọ̀ ni, àbí kí n gbà á, kí n so ó mọ́ ewúrẹ́ ìyá mi lọ́rùn?