Wọ́n ní Kí N Ra Laptop Tó Yára, Mo Ní N Ò Rà!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fìdí kalẹ̀ kí n sọ ohun tójú mi rí lórí ọ̀rọ̀ laptop!

Ìwé ètò ìsìnkú àti ti ìrántí ni mò ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọ̀kà. Lóṣù tó kọjá, laptop mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Kọ́sítọ́mà á dúró títí á fi bínú. Bùrọ̀dá mi ní processor rẹ̀, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ náà, ti gbó, kí n yáa lọ ra laptop i7 tí ọpọlọ tirẹ̀ yára, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ gbogbo kọ́sítọ́mà mi á sá lọ. Ẹ̀rù bà mí o! Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń tọ́ ọmọ.

Mo kó àjọ mi dání, ó di Ìkàrẹ́. Ẹni tó ń ta laptop rí tèmi, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ṣé èyí náà ni mo fi ń jẹun? Inú bí mi! Mo ní kó ṣí i7 rẹ̀, ká jọ tẹ orúkọ kan náà. Ṣé lẹ́tà tirẹ̀ yára jáde ju tèmi lọ ni? Rárá o! Bí ìka mi bá ṣe yára tó ni lẹ́tà ń yára tó.

Bàbá tó ń tún ẹ̀rọ ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ bá mi yẹ tèmi wò, ó mirí.

"Màdáámù, processor kọ́. Inú ẹ̀ ló kún dẹ́nu. Àbí itẹ́ òkú lẹ̀ ń gbé kiri?"

Ẹ̀bi mi ni. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, n kò pa fótò olóògbé kankan rẹ́ rí. Bàbá ní kí n pa wọ́n rẹ́. Mo ní láéláé! Ṣé òkú ń kú lẹ́ẹ̀mejì ni? Mo ra hard disk kékeré tí wọ́n ń kó fáìlì pamọ́ sí, ó bá mi kó wọn síbẹ̀. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan kan lára ti i7, laptop mi sì jí pépé. Ẹni tó ń ta laptop ní màá padà wá bẹ òun. N ò tíì lọ o!

Ọ̀sẹ̀ kejì, obìnrin kan wá láti Ìkun. Fóònù rẹ̀ ti sọnù, kò sì ní fótò ìyá rẹ̀ kankan mọ́. Èmi ni mo tẹ ìwé ìsìnkú ìyá náà. Mo so hard disk mọ́ laptop tí wọ́n fi ṣẹ̀sín, mo wá a, màmá yọ tòun ti gèlè. Obìnrin náà fọwọ́ kan ojú ẹ̀rọ, ó ní "Màámi", ó bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún.

Ẹni tó ń gé fídíò, kó ra i7, ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tẹ̀wé bíi tèmi, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe laptop yín. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi yẹ̀yẹ́ gbowó lọ́wọ́ yín!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ni wọ́n ti ta tuntun fún tí kò nílò rẹ̀? Ẹ sọ tiyín síbí.

Bùrọ̀dá mi, mo mọ̀ pé ẹ̀ ń kà á. Fótò bàbá wa tó ti lọ náà wà nínú hard disk yẹn o.